Bí A Ṣe Lè Fi Ìmọ̀ Ẹni Dá Iṣẹ́ Sílẹ̀, Kí Àwọn Oníbàárà sì Mọ̀ Wá

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àwọn ilé Mùsùlùmí tó ní ọmọ tó ti kàwé jáde, tó ti ṣe agùnbánirọ̀ parí, tó sì ń jókòó retí iṣẹ́ pọ̀ láàárín wa. Òmíràn mọ ìṣirò owó, òmíràn lè yàwòrán ilé, òmíràn lè túmọ̀ ìwé láti èdè Lárúbáwá sí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn sì mọ kọ̀ǹpútà dunjú. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kò sí owó.

Òótọ́ ni pé òwò nílò owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ta ìmọ̀ rẹ̀ kò nílò ṣọ́ọ̀bù ńlá tàbí ẹrù ọjà. Kọ̀ǹpútà kan, fóònù kan, dátà àti ibi tó dákẹ́ díẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sábà máa ń da irú iṣẹ́ yìí rú ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹni náà ń ṣe é, tàbí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsọ iye owó, tí ìjà fi dé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún àwọn ọ̀dọ́ wa àti fún àwọn òbí tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn Madyan

Nínú Súrátul-Qaṣaṣ, Ọlọ́hun sọ ìtàn Ànábì Mūsā (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún wa, nígbà tó sá kúrò ní Íjíbítì lọ sí Madyan. Kò ní ilé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò lè fún ẹran wọn lómi àfi bí àwọn darandaran yòókù bá lọ. Ó bá wọn fún ẹran náà lómi, kò sì béèrè owó. Bàbá wọn ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó dé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó gbà á síṣẹ́, ó sì dárúkọ ìwà méjì tó ń sọ òṣìṣẹ́ di ẹni rere: agbára àti ìfọkàntán. Lẹ́yìn èyí ni bàbá náà gbé àdéhùn kalẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà. Bí Mūsā bá ṣe é pé mẹ́wàá, ìfẹ́ inú tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tí yóò rí gbà sì hàn kedere: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá náà ni yóò fi ṣe aya.

Ẹ wo ohun mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tó rí iṣẹ́ náà ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó mọ iṣẹ́, ó sì ṣe é fọkàn tán. Wọ́n sì sọ iṣẹ́, àkókò àti èrè kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó bá ní ohun mẹ́rin yìí ti ní ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí òwò rẹ̀ nílò.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọjà tí a kò lè fọwọ́ kàn ni ìmọ̀. Ẹni tó ń ra tòmátì á tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ra aṣọ á nà án síta kó lè rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé ìwé owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan tó lè tẹ̀ wò. Ọkàn tó fi tán yín ló ń rà. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a máa sọ láti ibí lọ, ìbáà ṣe lórí iye owó, lórí ìwé àdéhùn tàbí lórí ìpolówó, ọ̀nà láti jẹ́ kí ìfọkàntán yẹn hàn síta ni.

Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ń ṣe é fún

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kọ ọ́ sára pátákó pé òun ń ṣe ohun mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí i kò ní mọ ohun tó yẹ kó rántí rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká mú arábìnrin kan tó kàwé nípa ìṣirò owó ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gbé ní Ìbàdàn. Bó bá ní, "Mò ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó," ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù. Bó bá ní, "Mò ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù ṣètò ìwé owó wọn lóṣooṣù, kí wọ́n lè mọ èrè wọn àti ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè," Àlàájà tó ń ta aṣọ yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Kí ẹ tó yan iṣẹ́ kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni mo lè ṣe dáadáa láìsí pé ẹnì kan dúró tì mí? Ta ni ìṣòro yìí ń dà láàmú tó fi lè sanwó kí ó lè kúrò níbẹ̀? Ṣé mo lè dé ọ̀dọ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láìnáwó púpọ̀? Ẹ lọ bá èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àwọn tí ẹ rò pé wọ́n nílò iṣẹ́ náà. Ẹ má tíì ta ohunkóhun fún wọn. Ẹ kàn bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí àti ibi tó ti ń nira fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ṣàlàyé ìṣòro wọn gan-an ni ẹ óò lò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ polówó.

Ẹ sì mọ ààlà ìmọ̀ yín. Arábìnrin wa yìí lè ṣètò ìwé owó, ṣùgbọ́n kò lè pe ara rẹ̀ ní "chartered accountant" bí kò bá tíì di ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, ẹgbẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965. Kò sì lè buwọ́ lu àyẹ̀wò owó ilé-iṣẹ́ bí kò bá ní ìwé àṣẹ. Pípe ara ẹni ní ohun tí a kò jẹ́ wà lára ẹ̀tàn. Ẹ rántí ìtàn tó wà nínú hádíìsì Muslim, nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, tó sì yọ oníjìbìtì kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí kì í ṣe tiwa tí a gbé síta kò yàtọ̀ sí oúnjẹ gbígbẹ tí a fi bo tútù.

Orúkọ òwò àti ohun tí òfin sọ

Ní Nàìjíríà, àjọ CAC ló ń forúkọ òwò sílẹ̀, òfin CAMA ti ọdún 2020 ló sì ń darí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ yín àti orúkọ ìdílé yín gan-an lẹ fi ń ṣiṣẹ́, láìfi ohunkóhun kún un, òfin yìí kò fi dandan lé e pé kí ẹ forúkọ òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní orúkọ mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà lójú òpó CAC fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó láti bá yín ṣe é.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ tó ní òǹtẹ̀ "Limited". Lábẹ́ orúkọ òwò, ẹ̀yin àti òwò yín kò yàtọ̀ síra lójú òfin. Gbèsè rẹ̀, gbèsè yín ni. Ilé-iṣẹ́ "Limited" dá dúró fúnra rẹ̀, òfin 2020 sì ti gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ òwò sábà máa ń tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni ìròyìn ọdọọdún: ẹni tó ní orúkọ òwò gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí CAC kó tó di ìparí oṣù kẹfà lọ́dọọdún, àyàfi ọdún tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ ju ti òfin lọ. Pẹ̀lú ìwé yìí, ẹ lè ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ òwò náà. Bí oníbàárà bá rí i pé orúkọ òwò ni òun ń sanwó sí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Iye tó yẹ kí a gbà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣubú. Wọ́n á bi wọ́n pé, "Èló ni?" Wọ́n á ní, "Ohun tí ẹ bá fún wa náà ló dáa." Ó dà bí ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa ti ṣàlàyé pé nínú ìjárà, ìyẹn àdéhùn iṣẹ́ fún owó, ó yẹ kí iṣẹ́ àti owó rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹni méjèèjì mọ̀. Bí owó bá fara sin, ìyẹn garárì ti wọ inú rẹ̀, ìjà kò sì ní pẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò fún arábìnrin wa. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí. Kí kálukú fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní ó fẹ́ mú ₦150,000 lọ sílé lóṣù. Dátà àti fóònù ń gba ₦15,000, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦25,000, owó ọkọ̀ ₦20,000. Ó sì fẹ́ máa ya ₦30,000 sọ́tọ̀ fún owó orí àti fún ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦240,000.

Ọjọ́ ogún ló ń ṣiṣẹ́ lóṣù, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 120. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni yóò sanwó fún. Yóò lo ìdajì láti wá oníbàárà, láti rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, láti dáhùn ìpè àti láti kọ́ ohun tuntun. Wákàtí 60 ló kù tó lè mú owó wá. Bí a bá pín ₦240,000 sí 60, ₦4,000 ni wákàtí kan. Bí ìwé owó ṣọ́ọ̀bù kan bá ń gba wákàtí mẹ́wàá lóṣù, ₦40,000 ni iye rẹ̀. Oníbàárà mẹ́fà sì ti tó o.

Wàyí o, ká ní wọ́n ná an títí tó fi gbà láti ṣe é ní ₦15,000. Kó tó lè rí ₦240,000, yóò nílò oníbàárà 16. Wákàtí 160 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wákàtí 120 péré ló ní, ìdajì rẹ̀ sì ti lọ sórí nǹkan mìíràn. Kò sí bó ṣe lè ṣe é kí iṣẹ́ má bàjẹ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, yóò sì máa ṣe àṣìṣe. Orúkọ tó fẹ́ fi owó kékeré kọ́ á wá wó lulẹ̀.

Bí oníbàárà kò bá ní tó iye yẹn, ẹ dín iṣẹ́ náà kù, kí owó náà sì dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Arábìnrin wa lè sọ pé, "Àlàájà, bó bá jẹ́ ₦20,000 lẹ ní, màá máa ṣe àkójọ àwọn tó jẹ yín ní gbèsè nìkan, ìyókù á dúró dìgbà tí ọwọ́ bá dẹ̀." Ìyẹn kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Áyà tó gùn jù nínú Àlùkùránì, áyà 282 nínú Súrátul-Baqarah, ọ̀rọ̀ nípa kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ níbẹ̀ láti kọ ọ́, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí a sì wá ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ bá gbé ìwé àdéhùn síwájú ẹlòmíràn láàárín wa, a máa ń gbọ́ pé, "Ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yìí tì yín lójú. Ẹ lè fi sùúrù dáhùn pé, "Àlàájì, mo fọkàn tán yín. Ọlọ́hun ló ní ká kọ ọ́, kó má bàa sí ìgbàgbé."

Ìwé náà kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá. Ojú ewé kan ti tó, àní ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹni méjèèjì fèsì sí lè ṣiṣẹ́ fún ohun kékeré. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni: iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe àti èyí tí kò sí lára rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ óò parí, ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín, iye owó àti ọjọ́ tí yóò san án, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ dá iṣẹ́ náà dúró.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé àdéhùn tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní gbólóhùn pé bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó sanwó, owó yóò máa gorí owó. Ribà nìyẹn, èlé tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ẹ lè fi dáàbò bo ara yín ni àsansílẹ̀: kí oníbàárà san ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì san ìyókù kí ẹ tó gbé iṣẹ́ tó parí lé e lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oṣooṣù, kó máa san án ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹ sì lè dá iṣẹ́ dúró bí kò bá san án. Ẹni tí nǹkan le fún lóòótọ́, Ọlọ́hun ti gbà wá nímọ̀ràn láti fún un lákòókò.

Ìpolówó tí kò ba ẹ̀sìn jẹ́

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó sì dákẹ́, ebi lè pa á sórí ìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe rí i nínú ìtàn Madyan, ìpolówó tó lágbára jù ni kí wọ́n rí iṣẹ́ yín, kí ẹni tó rí i sì sọ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ ogún èèyàn tó mọ ìwà yín sílẹ̀: ọ̀gá tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí, olùkọ́ yín, àwọn tí ẹ jọ kàwé, àwọn ọ̀rẹ́ ìyá yín lọ́jà. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn ju ìkéde kan náà sínú gbogbo gbàgede WhatsApp tí ẹ wà. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó nílò rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kò fipá mú wọn láti rà, ó sì máa ń mú wọn ronú kan ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ìmọ̀ yín. Ẹgbẹ́ Àsàlátù pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ sì máa ń pàdé lọ́jọ́ Sunday. Arábìnrin wa lè bẹ àwọn Àlàájà ẹgbẹ́ kan pé kí wọ́n fún òun ní ogún ìṣẹ́jú láti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé. Kò ní ta ohunkóhun níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun yóò wá a lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú mọ́sáláṣí ni wọ́n ti ń pàdé, ẹ rántí pé hádíìsì tó wà nínú àkójọ Tirmidhī kọ títà àti rírà nínú mọ́sáláṣí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iye owó àti pípín káàdì dúró dìgbà tí ẹ bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín bí wọ́n bá wá yín. WhatsApp Business kò gba owó kankan láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ iṣẹ́ yín, àdírẹ́sì àti wákàtí iṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì to àwọn iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Google náà ní ààyè ọ̀fẹ́ tí oníṣòwò lè forúkọ sí, kí àwọn tó wà ládùúgbò lè rí i bí wọ́n bá wá irú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ kọ ìmọ̀ràn kékeré kan tó wúlò sórí Status yín. Bí ẹ bá ń ṣe é láìsinmi fún oṣù mẹ́fà, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ náà dá yín mọ̀.

Ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn. Gbólóhùn méjì láti ẹnu rẹ̀ ti tó. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e síta, kí ẹ má sì fi owó tàbí àṣírí ọjà ẹnikẹ́ni han ayé. Àmáńà ni àṣírí oníbàárà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà náà sì wà lórí rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò tọ́. Ẹ má ṣe fi "Wálláhì" polówó: hádíìsì tó wà nínú Bukhārī àti Muslim kọ́ wa pé ìbúra lè mú kí ọjà tà, ṣùgbọ́n ó máa ń nu ìbùkún inú rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀rí irọ́, ẹ má sì gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn síta bíi tiyín. Ẹ lè fún ẹni tó bá bá yín mú oníbàárà wá ní iye kan tí ẹ jọ sọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lẹ fún lówó ní kọ̀rọ̀ kí ó lè gbé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún yín, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà sì gbọ́dọ̀ wo òfin iṣẹ́ wọn dáadáa, nítorí ó fi ààlà sí irú ìpolówó tí wọ́n lè ṣe.

"Bá wa ṣe é nítorí Ọlọ́hun"

Gbogbo akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìjọ ló mọ gbólóhùn yìí. Iṣẹ́ rere ni kí a ran ara wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹgbẹ́ bá fẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa iṣẹ́ náà tì. Hádíìsì tó ní kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ kò yọ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pinnu fúnra yín iye iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe ní sàráà. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan lóṣù mẹ́ta, fún opó tàbí ilé-kéwú tí kò lówó. Ẹ ṣe é dáadáa bí ẹni gba owó. Bí ẹlòmíràn bá dé, ẹ lè sọ pé, "Mo ti ní ẹni tí mò ń ṣe é fún lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ iye tó jẹ́ fún yín." Ẹ̀yin àgbààgbà wa náà, bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sanwó rẹ̀ pé, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù tí ẹ lè ṣe fún un nìyẹn.

Àwọn arábìnrin wa

Khadījah, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, jẹ́ oníṣòwò tó ń gba àwọn ọkùnrin síṣẹ́, ìwà òtítọ́ Ànábì sì ló jẹ́ kó gbé ọjà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ló ṣeé ṣe láti ilé, àǹfààní ńlá sì ni fún ìyá tó ní ọmọ kékeré. Kí ọkọ àti aya jọ sọ̀rọ̀ nípa wákàtí iṣẹ́ àti ẹni tí yóò mójú tó ọmọ. Bí ó bá di dandan láti pàdé oníbàárà tó jẹ́ ọkùnrin, kó jẹ́ níbi tí èèyàn wà, tàbí lórí fóònù, tàbí kí ìbátan kan wà níbẹ̀.

Owó tó bá wọlé

Ẹ ní àkáǹtì méjì, ọ̀kan fún òwò, ọ̀kan fún ilé. Ẹ máa san owó oṣù fún ara yín láti inú ti òwò. Bí ẹ bá nílò owó láti fi ra irinṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àjọ tí kò ní èlé nínú, tàbí kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn báńkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz Bank tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank àti Lotus Bank.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń san owó orí. Ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ tó ń gbé ni yóò ti ṣàlàyé owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún kò ní owó orí kankan. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti sá. Ẹ kàn tọ́jú rìsíìtì yín.

Owó orí kò sì dípò sàká. Bí owó tí ẹ fi pamọ́ bá tó iye gíráámù wúrà 85, tó sì pé ọdún Hijra kan lọ́wọ́ yín, ìdá kan nínú ogójì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí Ọlọ́hun dárúkọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ kọ iṣẹ́ yín ní gbólóhùn kan. Ẹ ṣírò iye wákàtí kan yín. Ẹ kọ ìwé àdéhùn olójú ewé kan. Ẹ to orúkọ ogún èèyàn sílẹ̀, kí ẹ sì pe mẹ́rin nínú wọn kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín kí ẹ jọ ṣe ìṣirò náà, nítorí ẹ mọ ọjà ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó fi arísìkí hàláàlì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì ṣe wá ní ẹni tí wọ́n lè gbé àmáńà lé lọ́wọ́. Àmín.